Ọkọ̀ Lọ, Ọ̀gá Dúró

“Ṣé fìlà mi tọ́?”

Ohun tí bàbá mi bá mi sọ kẹ́yìn nìyẹn. Orí ibùsùn ọsibítù ló wà. Kò sí fìlà kankan lórí rẹ̀. Mo ní, “Ó tọ́, bàbá.” Ó mi orí bí ẹni pé ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó di ojú, kò sì là á mọ́.

Nígbà tí a ń sin ín, àwọn èèyàn dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń yìn ín. Ọ̀kan ní ọlọ́gbọ́n ni. Ọ̀kan ní akíkanjú ni. Ọ̀kan wá dìde, ó ní onírẹ̀lẹ̀ èèyàn ni. Mo yíjú wo pósí. Mo rò pé yóò dìde jókòó kó bá ọkùnrin náà jiyàn.

Mi ò lè jẹ́ kí irọ́ yẹn dúró. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ ti ń rẹ́rìn-ín ná. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹ fìdí mọ́lẹ̀. Mi ò kàwé púpọ̀. Bó ṣe rí ni n ó ṣe sọ ọ́.

Ọ̀gá Ọkọ̀ ni bàbá mi kọ́kọ́ ń pe ara rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní ìyẹn kéré. Ó di Ọ̀gá Àgbà Ojú Omi. Bó o bá kí i ní àárọ̀ pé, “Ẹ káàárọ̀, sà,” kò ní dáhùn. Á máa wo òkè bí ẹni tó ń wá ẹyẹ. Àfi tó o bá ní, “Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gá Àgbà Ojú Omi.” Ìgbà yẹn ni yóò tó rí ọ.

Ó ní kóòtù funfun kan. Bọ́tìnnì aláwọ̀ wúrà tò sára rẹ̀ láti ọrùn dé ìdodo. Ó ní fìlà funfun, tí wọ́n fi òwú wúrà ya ìdákọ̀ró sí iwájú rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni ìyá mi ń fi áyọ́ọ̀nù lọ kóòtù náà. Ojoojúmọ́ ni bàbá mi ń wọ̀ ọ́ lọ sí èbúté. Bó bá dé ibẹ̀, á ká ọwọ́ sẹ́yìn, á máa wo odò bí onílé tó ń wo ayálégbé.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Ọkọ̀ rẹ̀ kì í rìn.

Ọkọ̀ wà o. Irin ni, ó gùn, bàbá bàbá mi ló fi sílẹ̀ fún un. Ẹ̀gbẹ́ afárá onípákó tó nà wọ inú omi ni wọ́n so ó mọ́, ó kọ iwájú sí odò, ó kọ ẹ̀yìn sí ẹrẹ̀. Ibẹ̀ ló wà kí wọ́n tó bí mi. Ìpẹtà ti bò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹyẹ ń yé ẹyin sínú rẹ̀. Gbogbo èbúté ló mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú, àfi bàbá mi. Ó ní ó ń sinmi.

“Ẹ́ńjìnnì ńlá ni,” ló máa ń wí. “Ẹ fi í sílẹ̀ kó sinmi dáadáa.”

Ìyá mi ni kì í sinmi. Ó ní ọkọ̀ pákó kékeré kan àti àjẹ̀ kan. Ó ń wa èèyàn kọjá odò, ó ń wà wọ́n bọ̀, láti àárọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi fẹ́ ṣú. Ohun tó bá rí níbẹ̀ ni a ń jẹ. Ibẹ̀ náà ni ọṣẹ tí a fi ń fọ kóòtù funfun ti ń wá. Bí àwọn èrò bá bi í pé ta ni ọkùnrin tó múra bí ọ̀gágun lókè yẹn, á ní, “Ọkọ mi ni. Ó ń ṣọ́ odò kí wọ́n má baà jí i gbé.”

Èjìká rẹ̀ ń dùn ún. Bó bá fẹ́ gbé abọ́ kalẹ̀, ọwọ́ òsì ló fi ń gbé ọwọ́ ọ̀tún. Èmi náà ń bá a wà á, ṣùgbọ́n ọkọ̀ pákó yẹn ò gba èèyàn púpọ̀, lọ-bọ̀ rẹ̀ kì í tán. Mo máa ń wo ọkọ̀ irin náà, mo máa ń ronú pé bó bá lè rìn, ìyá mi á gbé àjẹ̀ sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ la wà tí ọ̀gá tuntun fi dé sí ọ́fíìsì èbúté. Obìnrin ni. Kò ga, kì í pariwo. Ó rìn yí èbúté ká, ó dé ìdí ọkọ̀ wa, ó fi ìka kàn án. Ìpẹtà lẹ̀ mọ́ ọn níka.

“Ta ló ni irin yìí?”

Bàbá mi yọ síta. Ó tún fìlà ṣe. “Kì í ṣe irin, màdáámù. Ọkọ̀ ni. Èmi sì ni Ọ̀gá Àgbà—”

“Ṣé ó ń rìn?”

“Ó lè rìn.”

“Mi ò bi yín pé ṣé ó lè rìn, bàbá. Ọmọ mi náà lè di dókítà, ṣùgbọ́n kò tíì máa sọ̀rọ̀. Ṣé ó ń rìn?”

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ka bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀. Mi ò rí irú rẹ̀ rí.

Obìnrin náà wá ka òfin tuntun fún un. Ọkọ̀ tó bá ti jókòó sójú kan, kó fi ẹ́ńjìnnì ara rẹ̀ kúrò níbi tó wà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá kúrò, àwọn agérin yóò wá, wọn yóò gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, wọn yóò kó o lọ. Wọ́n fẹ́ fi ibẹ̀ gba ọkọ̀ mìíràn.

Èèyàn ti pé jọ. Bàbá mi rí i pé wọ́n pé. Ohùn rẹ̀ padà wá.

“Ẹ fọkàn balẹ̀!” ló wí, bí ẹni pé àwọn ni wọ́n fẹ́ gé. “Ẹ́ńjìnnì yìí mọ ohùn mi. Ọjọ́ tí mo bá pè é ni yóò dáhùn. Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, ṣebí ẹ ń wá olórí tuntun? Ọjọ́ tó bá dáhùn, ẹ fi mí joyè níbẹ̀ náà.”

Wọ́n ní kò burú. Kí ni yóò ná wọn? Wọ́n mọ̀ pé kò ní dáhùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹ́ńjìnnì tó jẹ́. Kò ní kọ́kọ́rọ́, kò ní bátìrì. Ó ní orí kan, ó tóbi bí ìkòkò. Iná ni a fi ń yan orí yẹn títí yóò fi pọ́n. Bó bá ti pọ́n, a ó di kẹ̀kẹ́ irin ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mú, a ó jù ú síwá, a ó jù ú sẹ́yìn, yóò húkọ́, yóò gbéra. Kò ní jíà. Bó bá ti gbéra, abẹ̀bẹ̀ irin tó wà lábẹ́ omi ti ń yí nìyẹn, ọkọ̀ ti ń lọ.

Ó wá ní ìwà kan. Kì í ṣe ìgbà gbogbo ló ń yí síbi tó o fẹ́. Bó bá yí sọ́tùn-ún, ọkọ̀ á lọ síwájú. Bó bá wù ú, á yí sósì, ọkọ̀ á fi ẹ̀yìn rìn. Ìdí nìyẹn tí bàbá bàbá mi kì í fi tú okùn ọkọ̀ kó tó gbéra. Á gbá ẹ́ńjìnnì nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà ní síso, á wo kẹ̀kẹ́. Bó bá yí sódì, á pa á, á tún un gbá. Ìgbà tó bá yí dáadáa ló ń tú okùn. Bàbá mi ló kọ́ mi ní gbogbo èyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sọ́kàn pé òun ló kọ́ mi.

Èmi àti Wẹ́dà la ṣe iṣẹ́ náà. Wẹ́dà, ìyẹn ọkùnrin tó ń jó irin pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ èbúté, kò fẹ́ ohun mìíràn ju kí nǹkan pani lẹ́rìn-ín. A yọ ìtẹ́ ẹyẹ nínú páìpù èéfín. Ẹyin wà nínú rẹ̀. Wẹ́dà ní, “Ó lóyún kẹ̀! Ṣé ẹ rí i pé kò kú?” A tú táńkì. Epo inú rẹ̀ ti dì bí gọ́ọ̀mù, ṣíbí la fi kó o. A fọ ihò tí epo ń gbà wọlé, abẹ́rẹ́ la fi ń tú u. Ṣùgbọ́n písítìn, irin tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì, ti lẹ̀ mọ́ inú ilé rẹ̀. A da kẹrosíìnì àti ọ́ìlì sí i, a fi sílẹ̀ kó mu. A gbá a. Kò mira.

Bàbá mi gbé àga àti agbòjò wá sórí afárá. Ó jókòó, ó ń darí iṣẹ́.

“Ẹ fọgbọ́n ṣe é o!”

“Ọgbọ́n wo, sà?” ni Wẹ́dà bi í.

“Èyí tó yẹ.”

Bí èèyàn bá ń bọ̀, á na ọwọ́ sí mi. Màá fi sípánà sí i. Á gbé e sókè sójú oòrùn, á wò ó lápá ọ̀tún, á wò ó lápá òsì, á mi orí. Tí ẹni náà bá ti kọjá, á dá a padà fún mi, á fi áńkáṣíìfù nu ìka rẹ̀.

Wẹ́dà á wá gbé oríkì sókè láti inú ọkọ̀. “Afọwọ́-mímọ́-túnrin-ṣe! Ajókòó-làágùn! Ẹni tí gíríìsì rí tó yà fún lọ́nà! Apàṣẹ-má-bẹ̀rẹ̀, ọkọ aláṣọ lílọ̀!”

“Tún un wí,” ni bàbá mi á ní. “Àwọn kan tún ń bọ̀ lọ́hùn-ún.”

Ẹ má rò pé kò ṣe nǹkan kan. Ó ṣe ohun kan, n ó sọ ọ́.

Ọ̀sán gangan ni. Oòrùn ti lé gbogbo èèyàn kúrò lórí afárá. Èmi àti Wẹ́dà ti de ọ̀pá irin gígùn mọ́ kẹ̀kẹ́ yẹn, a rọ̀ mọ́ ọn bí ọ̀bọ, kò yí. Wẹ́dà ní ká jẹ́ kí wọ́n gé e. Mo jókòó sílẹ̀. Bàbá mi yọjú wò mí láti òkè. Ó wò mí pẹ́. Ló bá sọ̀ kalẹ̀. Ó bọ́ kóòtù, ó fi kọ́ ìṣó. Ó fi etí lé ara ẹ́ńjìnnì, ó ń fi eegun ìka gbá a káàkiri bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn.

“Ibí ni,” ló wí. “Ẹ da kẹrosíìnì síbí.”

A dà á. Ó gun ọ̀pá irin náà, ó jókòó lé e, ó ń fò sókè sódò lórí rẹ̀ bí ọmọdé. Ìgbà tó yá, nǹkan ké nínú irin náà, kẹ̀kẹ́ yí. Bàbá mi já bọ́ sínú ọ́ìlì. A ń pariwo. Òun náà ń pariwo. Ọwọ́ rẹ̀ dú dé ìgúnpá, ó ń rẹ́rìn-ín, àlàfo eyín rẹ̀ tó ti yọ lọ́wọ́ ẹ̀yìn hàn. Mi ò mọ̀ pé eyín ti yọ níbẹ̀ rí.

Ló bá sáré jáde láti lọ sọ fún àwọn èèyàn. Kò sí èèyàn. Nígbà tí wọ́n fi máa dé, ó ti wẹ ọwọ́, ó ti wọ kóòtù.

“Èmi ni mo tú písítìn,” ló wí.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. “Ọ̀gá Àgbà, ẹ jókòó jàre, agbòjò yín ń ṣubú.”

“Èmi ni! Ẹ bi àwọn wọ̀nyí!”

A ní òun ni. Wọ́n ní a kúkú ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Gbogbo irọ́ tó ti pa nípa ẹ́ńjìnnì náà ni wọ́n gbà. Òótọ́ kan ṣoṣo tó sọ ni wọ́n ní irọ́ ni.

Ó dùn ún. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń wá bí wọ́n ṣe máa fi ojú ara wọn rí i.

A dán ẹ́ńjìnnì náà wò nígbà tí èbúté dá. A so ọkọ̀ dáadáa. Wẹ́dà fi iná gáàsì rẹ̀ yan orí ẹ́ńjìnnì. Mo gbá a, ó yí sósì, mo pa á. Mo tún un gbá, ó yí sọ́tùn-ún. Ó ń dún gbùù, gbùù, gbùù. Gbogbo pákó ń gbọ̀n. Bàbá mi nu ojú, ó ní èéfín ni. Ó wá ní kí n pa á kíákíá.

“Kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ pé ó ti jí,” ló wí. “Ojú gbogbo ayé ni yóò ti jí. Ẹ̀yin méjèèjì á wà nínú ibí, ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ra yín. Èmi á dúró ní góńgó iwájú ọkọ̀. Màá na ọwọ́ sí òdìkejì odò. Màá ní, ‘Dìde!’ Màá kan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ ó sì gbá a.”

“Tí wọ́n bá ní ta ló tún un ṣe ńkọ́, sà?” ni Wẹ́dà wí.

“Ohùn mi.”

“Èmi wá ńkọ́?”

“Ìwọ ò lóhùn.”

Mo ní, “Bàbá, okùn ńkọ́?”

“Màá ti tú u.”

“Kó tó gbéra?”

“Ṣé o fẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò mi ní síso bí ẹran ni?”

“Bó bá wá yí sódì ńkọ́?”

“Kò ní yí sódì,” ni bàbá mi wí. “Kóòtù funfun ni mo máa wọ̀.”

Ìyá mi ń lọ kóòtù ọ̀hún nígbà tó gbọ́. Kò gbé ojú sókè. “Ẹ jẹ́ kí okùn kan ṣoṣo wà lẹ́yìn, bàbá ọmọ mi.”

“Ìwọ sáà máa lọṣọ.”

“Mò ń lọ̀ ọ́. Mò ń ronú nípa ìgbà tí mo tún máa fọ̀ ọ́ ni.”

Bàbá mi pe akunlé wá, ó ní kó kọ ọ̀rọ̀ sí ara ọkọ̀, gàdàgbà-gàdàgbà: IWÁJÚ NI TÈMI. Ó ní kí káfíńtà kan pèpéle lẹ́yìn ọkọ̀, lórí ẹrẹ̀, kó sì gbé àga ńlá sí i, aláṣọ pupa. Ibẹ̀ ni yóò jókòó sí tó bá ti lọ tó ti bọ̀, kí wọ́n fi í joyè olórí.

Ọjọ́ pé. Ojú ọ̀run ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀, òjò ti súnmọ́. Àwọn agérin náà wà níbẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀rọ ìgérin wọn kalẹ̀, wọ́n jókòó lé e. Gbogbo èbúté kún. Ọ̀gá èbúté jókòó sórí afárá. Ayafọ́tò wà létí omi. Ìyá mi wà nínú ọkọ̀ pákó rẹ̀, ó fi àjẹ̀ lélẹ̀ lórí itan.

Èmi àti Wẹ́dà wà nínú ìdí ọkọ̀. Ooru ibẹ̀ kò ṣe é sọ. Ṣùgbọ́n a ń gbọ́ bàbá mi dáadáa lókè.

“Ẹ̀yin èèyàn mi! Àwọn mẹkáníìkì wá wo ẹ́ńjìnnì yìí, wọ́n sá! Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án! Ohùn mi nìkan ló ń gbọ́!”

Wẹ́dà di iná mú mọ́ orí ẹ́ńjìnnì. “Gbọ́ bàbá rẹ,” ló wí. “Irun ojú mi ti jó tán, kò sì sí ẹni tó fọwọ́ kàn án.”

“Ẹ̀yin agérin, ẹ kó ẹrù yín! Màdáámù, iwájú ni kí ẹ máa wò! Kí ẹnikẹ́ni má wo ẹ̀yìn!”

Mo gbọ́ tí okùn já bọ́ sómi. Ọ̀kan. Èkejì. Mo ń retí pé yóò kù ọ̀kan. Kò kù.

“Dìde!”

Gbì, gbì, gbì, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí wa. Mo ju kẹ̀kẹ́. Ó húkọ́, ó dákẹ́.

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lókè.

“Ó ń na ara ni,” ni bàbá mi wí. “Ẹ̀yin náà, tí ẹ bá jí, ṣebí ẹ máa ń na ara?” Ó tún kan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó kàn án bí ẹni tó ń bínú. “Mo ní dìde!”

Mo tún ju kẹ̀kẹ́. Iná mú un. Gbùù! Mo wo kẹ̀kẹ́.

Òsì ni.

“Bàbá!” mo pariwo. “Ẹ̀yìn ni! Ẹ di nǹkan mú!”

Gbì, gbì, gbì. Ó ní kí n panu mọ́.

Mi ò fojú rí ohun tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n gbogbo èbúté ló ti sọ ọ́ fún mi, oníkálukú pẹ̀lú tirẹ̀, mo sì ti rí fọ́tò náà. Bàbá mi wà ní góńgó iwájú. Ó na ìka sí òdìkejì odò. Ó gbé àyà síwájú. Ọkọ̀ lọ. Bàbá mi dúró.

Wọ́n ní ó dúró lójú òfuurufú níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni pé ipò rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló wọmi.

Omi náà mu ún dé àyà. Nígbà tó máa yọ, fìlà ṣì wà lórí rẹ̀, ìka rẹ̀ ṣì nà. Ó ń wo ọkọ̀ tó ń lọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ gàdàgbà ní ara rẹ̀.

“Iwájú!” ló ń kígbe sí i. “Mo ní iwájú!”

Ọkọ̀ ò dá a lóhùn. Ó fi ẹ̀yìn gun ẹrẹ̀, ó fi ẹ̀yìn wó pèpéle, ó fi ẹ̀yìn gbé àga aláṣọ pupa. Àga náà jókòó sórí ọkọ̀ bí èrò tó ti rí àyè. Ẹrẹ̀ wá di abẹ̀bẹ̀ irin mú, ẹ́ńjìnnì kú.

Èéfín ti fẹ́ pa wá nínú ibẹ̀. Wẹ́dà fi èjìká ti ilẹ̀kùn, a yọ síta. A dú bí ìdí ìkòkò. Wẹ́dà ò ní irun ojú. Gbogbo èèyàn ń wò wá.

Ìyá àgbà kan tó jókòó lórí afárá ló kọ́kọ́ la ẹnu. “Ta wá ni ìwọ̀nyí?”

“Àwa ni ohùn rẹ̀, mà,” ni Wẹ́dà wí.

Ẹ̀rín tó bú ní èbúté lọ́jọ́ yẹn, mo rò pé òdìkejì odò gbọ́. Àwọn agérin ń gbá ara wọn lẹ́yìn. Ayafọ́tò jókòó sílẹ̀, kò lè dá dúró mọ́.

“Mi ò mọ̀ wọ́n rí!” ni bàbá mi ké látinú omi.

“Ẹ ò mọ̀ mí? Kò burú, sà,” ni Wẹ́dà wí. “Èyí tó dúró tì mí yìí ńkọ́?”

Bàbá mi wò mí. Ó wò mí dáadáa. Ó gbé omi mì.

“Ìyẹn jọ ọmọ mi,” ló wí.

Wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín. “Ọ̀gá Ẹ̀yìn! Ọ̀gá Ẹ̀yìn!” Ibẹ̀ lorúkọ náà ti bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè é ní òmíràn mọ́ títí ó fi kú.

Ìyá mi mú àjẹ̀, ó rọra wa ọkọ̀ pákó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. “Ṣé ẹ ó wọlé, àbí ẹ ṣì ń pàṣẹ?”

Ó wọlé. Aṣọ rẹ̀ ń kán. Ó jókòó, ó kọ ẹ̀yìn sí gbogbo wa. Ìyá mi bọ́ gèlè, ó fi nu ẹrẹ̀ kúrò ní etí rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn agérin dìde, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀. “Màdáámù, ṣé ká bẹ̀rẹ̀?”

Ẹ̀rín dúró lẹ́nu mi. Àṣé mo ti ń rẹ́rìn-ín. Mo wo ìyá mi. Ó ti di èjìká mú.

Ọ̀gá èbúté dìde. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó rìn lọ sí ibi tí wọ́n so ọkọ̀ náà mọ́ láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi. Ó wo ilẹ̀. Omi lásán ni, pẹ̀lú okùn méjì tó léfòó.

“Òfin ní kó fi ẹ́ńjìnnì ara rẹ̀ kúrò níbi tó wà,” ló wí. “Ó ti kúrò.”

“Ẹ̀yìn ló gbà lọ, mà,” ni agérin wí.

“Òfin ò sọ ibi tó máa gbà. Ẹ gbé ẹ̀rọ yín, kí ẹ máa lọ sílé.” Ó yíjú sí wa. “Ta ni yóò máa wà á?”

Bàbá mi na ọwọ́ sókè látinú ọkọ̀ pákó. Omi ń ṣàn wọ inú apá kóòtù rẹ̀.

Obìnrin náà kò wo ọwọ́ yẹn. “Ìyá yìí ló ń gbé èèyàn kọjá láti ọjọ́ tí mo ti dé,” ló wí. “Òun ni mo mọ̀ sí ọlọ́kọ̀ níbí.”

Àwọn ọlọ́kọ̀ ní bẹ́ẹ̀ náà ni. Wọ́n ní òun náà ni olórí, kí ọ̀rọ̀ tó tutù. Wọ́n gbé àga aláṣọ pupa sọ̀ kalẹ̀ fún un. Ó jókòó lé e díẹ̀, ó ní ó le, ó dìde.

Bí Ọ̀gá Àgbà Ojú Omi ṣe di ẹni tó ń pe èrò nìyẹn. Ó ń dúró lórí afárá, ó ń ké pé, “Ọkọ̀ ń lọ! Ọkọ̀ ń lọ!” Kóòtù náà kò funfun mọ́, ṣùgbọ́n ó ń wọ̀ ọ́. Bí àlejò bá dé tí kò mọ ìtàn wa, á fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, á sọ fún un pé òun nìkan ni òun mọ̀ láyé tó lè fi ohùn mú ọkọ̀ ńlá rìn sẹ́yìn. Àyà tó ń dùn ún ló ń fi ìgbéraga bò mọ́lẹ̀. Nígbà tí ó fi máa jẹ́ ká mọ̀ pé ara òun ò yá, ó ti pẹ́ jù.

Ìyá mi wà nílé báyìí. Èjìká rẹ̀ ti ń sàn. Èmi ni mò ń wa ọkọ̀ náà. Bí mo bá fẹ́ gbá ẹ́ńjìnnì, mo máa ń so ó mọ́lẹ̀ dáadáa.

Èrò kankan ò tíì dé láàárọ̀ yìí. Ọkọ̀ náà ń jò díẹ̀ nísàlẹ̀. Bàbá mi kò gbà bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní ọkọ̀ òun kì í jò, òógùn ló ń là.

Mo ti gé ike kan ṣe igbá. Mo kúnlẹ̀, mò ń gbọ́n òógùn rẹ̀ dà sódò.